Abọ́ Olójúlé Mẹ́rin

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń ta mọ́ínmọ́ín nílé ìwé. Kì í ṣe pé mo gbé igbá lé e lórí o. Mọ́ínmọ́ín tí mo ń jí sè ní aago márùn-ún ìdájí, tí mo ń fi ẹyin sí nínú, tí mo ń kó sínú kúlà rẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, òun ló ń tà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ₦100 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gúgúrú àti bisikíìtì ló ń fi owó rẹ̀ rà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kúlà fi ń padà wálé lófìfo, tí èmi náà ń fọ́nnu nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi pé ọmọ mi ti ń jẹun wàyí.

Bàbá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀ràn náà ò dun òun, àfi pé ọmọ ọ̀hún ò mọ òwò: iye tó ń tà á kò tó owó ẹyin inú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo pe ọmọ síwájú, mo ní kó kúnlẹ̀, mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Ó wolẹ̀ títí. Ó ní, “Mọ́mì, láti ìgbà tí a ti wọlé ni mọ́ínmọ́ín.” Ọwọ́ mi ti fẹ́ dé etí rẹ̀, ni mo bá kà á lọ́kàn. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti wọ girama, gbé fóònù bàbá wọn wá bá mi. Fídíò ló wà níbẹ̀. Obìnrin ará Jàpáànì kan ń di oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀. Abọ́ pẹlẹbẹ kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, wọ́n ti la inú rẹ̀ sí ojúlé ojúlé bí agboolé. Ìrẹsì wọ ojúlé kan, ẹja díndín wọ èkejì, ẹyin tí wọ́n dín tí wọ́n sì ká bí ẹní wọ ẹ̀kẹta, ewébẹ̀ àti kárọ́ọ̀tì pín èyí tó kù. Kò sí ọbẹ̀ tó ń ṣàn. Bento ni wọ́n ń pè é. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, yọrí láàárín wa, ó ní, “Ìrẹsì yẹn lójú!” Ó lójú lóòótọ́. Obìnrin náà ti fi ìrẹsì mọ orí ẹranko kan, ó wá gé ewé òkun dúdú, ó fi ṣe ojú àti imú fún un.

Kí n má purọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé obìnrin yìí kò níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ Ìwó lọ ra òwú àti bọ́tìnnì lọ́jà Odò-Ọ̀rí, mo rí irú abọ́ náà lórí àtẹ oníke kan. Olójúlé mẹ́rin, ó ní ọmọrí tó ń dè pinpin. Mo ná an títí, mo ra mẹ́ta. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Ilé-Ogbó, mo gbé e lé itan, mo ń dá ara mi lẹ́jọ́: ṣé oúnjẹ ni mo fẹ́ sè ni, àbí fídíò?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa bento lórí fóònù. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ fáàrí àwọn olówó, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lọ sóko àti ẹni tó ń rìnrìn àjò ni níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé bento àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní ibùdókọ̀ rélùwéè wọn, ní ìlú Utsunomiya lọ́dún 1885, ìṣù ìrẹsì méjì ni, tí wọ́n fi èso kíkan kan sí nínú, tí wọ́n sì fi èèpo ọparun wé. Mo ka ibẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Màmá ní, “Èèpo ọparun? Ẹ̀kọ nìyẹn nù un.” Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn obìnrin tó ń sáré tẹ̀ lé fèrèsé rélùwéè ní Òṣogbo nígbà èwe wọn, ẹ̀kọ lórí, àkàrà lọ́wọ́, kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Rélùwéè ti dé Òṣogbo láti 1907, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n fi ike di oúnjẹ fún èrò. Ewé eéran ni. Ẹni tó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín inú ewé àti ti inú ike rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ewé kì í ṣe ẹgbẹ́ náílọ́ọ̀nù tí àwa ìyá òde òní fi ń sè é nítorí kíá-kíá. Mo ti padà sídìí ewé báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbà mí lákòókò.

Ohun mìíràn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì kì í gbé bento lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Ilé ìwé ló ń fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán. Inú ilé ìwé kan tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì fún ọmọ tálákà, ní Tsuruoka lọ́dún 1889, ni wọ́n sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti fòfin gbé e ró láti 1954. Bí aago oúnjẹ bá lù, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò wọ épírọ́ọ̀nù funfun, wọn yóò dé fìlà, wọn yóò gbé ìkòkò wọ kíláàsì, wọn yóò sì máa bu oúnjẹ fún ẹgbẹ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sóde, tàbí ọjọ́ eré ìdárayá tí bàbá, ìyá àti ọmọ ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ jẹun pọ̀, tàbí ìgbà tí igi ṣẹ́rì bá yọ òdòdó tí gbogbo ilé lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni bento ń jáde.

Oúnjẹ ilé ìwé ò ṣàjèjì sí wa ní Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nílé ìwé ìjọba rántí ọdún 2012, nígbà Gómìnà Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ètò O’Meals gbòde. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ń sè é nílé, wọn yóò wá gbé kúlà ńláńlá wá fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹrin. Ìrẹsì lónìí, ẹ̀wà lọ́la, iṣu lọ́túnla. Ní 2016 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn káàkiri, ₦70 fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́. Àkọ́bí mi jẹ nínú rẹ̀, ó sì máa ń dé wá sọ ohun tí wọ́n jẹ fún mi kó tó bọ́ bàtà. Èyí tó ń ta mọ́ínmọ́ín yìí, ilé ìwé aládàáni ló wà, ìyẹn ni ẹrù oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi wà lọ́rùn mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé kan ní Jàpáànì ni mo kà tó dá mi dúró. Takeshita Kazuo lorúkọ rẹ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Takinomiya ló darí rí, ní agbègbè Kagawa. Ní 2001, ó yan ọjọ́ mélòó kan sọ́tọ̀ fún bento. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ni yóò ronú ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, àwọn ni yóò lọ rà á lọ́jà, àwọn ni yóò sè é, tí wọn yóò dì í, tí wọn yóò sì fọ ìkòkò. Ó wá kìlọ̀ fún àwọn òbí: ẹ má bá wọn ṣe é. Àwọn òbí kan bẹ̀rù ọ̀bẹ àti iná. Ó ní bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọrùn òun ni kó wà.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí èmi wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ta ló ń dáná nílé wa? Èmi ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́? A ti ń ro ẹ̀kọ, a ti ń lọ ata, a ti mọ iye ẹja tó yẹ kó kan bàbá. Àwọn ọmọ tiwa wá ń jí bá oúnjẹ nínú kúlà bí ẹni tó bá omi lódò. Wọn ò mọ bó ṣe débẹ̀, wọn ò sì mọ ohun tó ná ẹnikẹ́ni. Mo wá rí i pé ọmọ mi kò ta oúnjẹ ìyá rẹ̀. Ohun tó bá nínú kúlà ló tà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún wọn pé mi ò ní wọ ilé ìdáná. A ń lọ sí oko bàbá wọn àgbà lójú ọ̀nà Kúta, àwọn ni yóò di oúnjẹ tí a ó jẹ lọ́hùn-ún. Mo fún àkọ́bí lówó ọjà. Ó bi mí ohun tó yẹ kí òun rà, mo ní mi ò mọ̀. (Ó dùn mí lẹ́nu.) Ẹja Títù ló rà, ó ra ẹyin, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ó ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹja Títù yìí kan náà ni àwọn ará Jàpáànì ń pè ní saba, wọ́n máa ń fi iyọ̀ pa á, wọn yóò sì yan án fún bento. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́mọ yín gbà pé ayé kò tóbi, ẹ sọ ìyẹn fún un nígbà tó bá ń fọ ìfun ẹja.

Ọ̀rọ̀ ẹyin fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ bàbá wọn dàgbà ni pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Ẹyin wà fún bàbá, ẹ̀kọ́ ilé sì ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn àgbà fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n èyí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn tó ń jẹ ẹyin ló ṣe é. Ọmọ tó ń dàgbà ló nílò ẹyin àti ẹja jù wá lọ. Ojú kòkòrò tí wọ́n ń sá fún, kì í ṣe ẹyin ló ń bí i. Ọmọ tí wọn ò fún rí ni ẹyin ń yọ lẹ́nu.

Ìrẹsì tiwa kò fẹ́ mọ. Àbíkẹ́yìn gbìyànjú láti fi mọ orí ẹranko bíi ti fídíò, ó dà bí ọ̀bọ tí òjò pa, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi ṣíbí tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànì náà, oúnjẹ olójú yẹn ti di ẹrù fún àwọn ìyá kan, nítorí pé bí ọmọ bá ṣí tirẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń wò. A mọ irú rẹ̀ níbí. A mọ ìyá tó ń di adìẹ díndín fún ọmọ lọ́jọ́ àṣekágbá tí wọ́n jẹ gàrí gbígbẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ohun kan tí mo dá sí ni ọmọrí. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ dé e bí oúnjẹ ṣì ń rú èéfín. Ẹ bá mi gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń ra irú abọ́ yìí. Kúlà ìgbóúnjẹ ń mú ooru dúró, bí a bá dé oúnjẹ gbígbóná gan-an sínú rẹ̀, ó lè gbóná dọ̀sán. Abọ́ ike pẹlẹbẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé ìrẹsì gbígbóná sínú rẹ̀, òógùn rẹ̀ ni yóò máa kán padà sí i lórí, yóò wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di aago méjìlá, lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an sì ni kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ń fẹ́. Àwọn tó ni bento máa ń tú oúnjẹ sílẹ̀ kó tutù kí wọ́n tó dé e, wọ́n máa ń gbẹ omi ọbẹ̀ dànù, wọ́n sì gbà pé èso kíkan tí wọ́n ń fi sórí ìrẹsì kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Nínú ooru tiwa yìí, abọ́ náà dára fún oúnjẹ tí a ó jẹ láìpẹ́. Fún ilé ìwé títí di ọ̀sán, kúlà ṣì ni.

Ó wá ku pípín. Ẹ rántí òfin àtijọ́: àbúrò ló ń pín, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó pín ló ń gba èyí tó kẹ́yìn, nítorí náà ni kì í ṣe é fi ojúsàájú pín. Mo fà á yọ fún wọn. Àbíkẹ́yìn jókòó sílẹ̀, abọ́ mẹ́ta níwájú rẹ̀. Ó gbé dòdò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó bí ẹni ń to owó: méje, méje, méje. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Ó wò ó. Ó wo èmi. Ó fi ṣíbí gé e sí mẹ́ta, ìdá kẹta fọ́ sí i lọ́wọ́, ó ṣà á jọ, ó fi sínú abọ́ tó tóbi jù lójú rẹ̀. Ibi ẹja ló ti pẹ́ jù. Bí ó bá gbé ìrù sí ọ̀kan, yóò wọn èyí tó lórí, yóò tún pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, oníṣòwò wa, dúró tì í, kò sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nílé mi láìjẹ́ pé wọ́n sùn.

A dé oko. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kajú. Bàbá wọn àti èmi jọ jẹ nínú àwo kan, àwọn ọmọ ṣí abọ́ wọn. Mo sọ fún wọn pé àwọn ará Jàpáànì kì í jẹun láì kọ́kọ́ ní “itadakimasu,” ìyẹn ni pé mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á. Àbíkẹ́yìn ní, “Bísímílà nìyẹn.” Ó ti bu ìrẹsì sẹ́nu kó tó sọ ọ́ tán.

Màmá yọ láti ìdí ẹ̀gẹ́, wọ́n dúró, wọ́n ń wò wá. A kúnlẹ̀, a kí wọn, a ní kí wọ́n wá jẹun. Wọn ò dáhùn pé á gba ibi ire. Wọ́n ní, “Ta ló bá ta jà?”

Mo ní kò sẹ́ni tó jà, Màmá.

“Ẹ̀yin méjèèjì jọ ń jẹ nínú àwo kan, ẹ wá fi àwọn ọmọ sí ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé olórogún ni?”

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níkùn. Inú àwo kan ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kì í kọ́kọ́ kan ẹran, pé iwájú ẹni lèèyàn ti ń bu òkèlè, pé àbúrò ló ń di àwo mú kó má yí. Abọ́ olójúlé kò kọ́ ọmọ ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìpín rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ògiri yí i ká, kò sẹ́ni tó lè bá a débẹ̀. Mi ò ní èsì fún Màmá, mi ò sì tíì ní in títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Màmá jókòó. Wọ́n na ọwọ́ sí àbíkẹ́yìn, wọ́n ní, “Bù fún mi níbẹ̀.” Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa ni àgbàlagbà ti na irú ọwọ́ yẹn sí rí. Ọmọ náà wo abọ́ rẹ̀ tó ti fi odindi àárọ̀ wọ̀n. Ó mú dòdò kan. Ó dá a padà. Ó mú ẹja, apá tó lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Lẹ́yìn náà ló wá bo abọ́ mọ́ àyà. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ ẹja náà tán pátá. Mo rò pé wọ́n á tọ́ ọ wò lásán, kí wọ́n dá a padà fún un bí àwọn mìíràn ti ń ṣe. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wo egungun rẹ̀ títí.

Oníṣòwò wa kò dúró kí wọ́n tọrọ. Ó gbé ẹyin rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó ju ìdajì sínú abọ́ àbúrò rẹ̀ láìwò ó lójú. Mo fẹ́ yìn ín. Bàbá wọn fi ìgúnpá kàn mí pé kí n dákẹ́.

Nígbà tí a ń lọ, Màmá ní kí a fi abọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fi rán ọmọ alábàágbé wọn sí wa. Ẹ mọ̀ pé àwo kì í lọ lófìfo lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti di ẹ̀pà sísè sí gbogbo ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kún débi tí ọmọrí kò fi dé, okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi dì í. Ẹ̀gbọ́n méjèèjì yí i ká. Àbíkẹ́yìn sáré lọ fọ ọwọ́, ó padà wá jókòó sílẹ̀, ó tú okùn, ó da gbogbo rẹ̀ jọ sínú àwo kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan.